Èdè ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà: iléèwé ọmọdé àbí àgbà kan sí akẹ́kọ̀ọ́ kan?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀nà méjì yìí dáadáa, tí wọ́n fi ń gba èdè tó ń kú lọ là. Ti Hawaii ni Pūnana Leo, iléèwé ọmọdé ni, ọdún 1984 ni wọ́n ṣí àkọ́kọ́, wọ́n á kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ, èdè Hawaii nìkan ni tíṣà á máa bá wọn sọ látàárọ̀, nínú eré, nídìí oúnjẹ, nínú orin, àwọn òbí náà sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ òfin 1896 ti lé èdè yẹn kúrò nínú kíláàsì tipẹ́, 1986 ni wọ́n tó yí i padà! Ó wù mí gan-an, torí àwọn ọmọ yẹn á dàgbà sínú èdè ni.

Ti California, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé: àgbà kan tó gbọ́ èdè ìbílẹ̀ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti dàgbà tó sì fẹ́ kọ́ ọ, wọ́n á jọ máa dáná, wọ́n á jọ máa fọṣọ, kò sí sísọ èdè Òyìnbó. Kò ná wọn lówó púpọ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àgbà mélòó kan péré tó gbọ́ èdè ló kù ńkọ́, níbo lẹ ti fẹ́ rí tíṣà? Èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ti California ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀, kíá, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló máa di tíṣà àwọn ọmọdé lọ́la.