Kìlómítà 1,000 Àkọ́kọ́: Àgbéyẹ̀wò Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Tuntun Mi

Ọ̀pọ̀ àgbéyẹ̀wò tí mo kà kí n tó ra ọkọ̀ tèmi, ọ̀rọ̀ ìjókòó, rédíò àti bí búùtù ṣe fẹ̀ tó ló kún inú wọn. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe lo ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tuntun wà lára ohun tó ń sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe pẹ́ lọ́wọ́ ẹni sí, orí ìyẹn ni mo sì máa dúró sí. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 ni, sílíńdà mẹ́rin (ihò tí epo ti ń jó), epo bẹntiróòlù ló ń lò, kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì), jíà àfọwọ́yí márùn-ún ló ní. Mi ò dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tuntun ni ohun tí mo fẹ́ sọ kàn.

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ènìyàn máa ń fún ẹni tó ra ọkọ̀ tuntun ni pé kó wà á bí ẹni gbé ẹyin: kó má fún un níná rárá, kí ọwọ́ aago ìyára wà lójú kan náà títí yóò fi pé kìlómítà 1,000. Ìdajì ìmọ̀ràn yẹn dára. Ìdajì kejì lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Mo jókòó ti ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá kí n tó gbé e jìnnà. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì tuntun kò gùn níbẹ̀, ó rọrùn kéèyàn ṣí i kọjá. Ó ní kí n má tẹ tọ́rótù (ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) kanlẹ̀, kí n má fi jíà kékeré sáré lọ títí, kí n má fi jíà ńlá wọ́ ọ nígbà tí kò sáré, kí n má sì fi í fa ẹrù. Gbólóhùn tí mo fi bírò fàlà sí nídìí ni èyí tó ní kí n má wà á lójú ìyára kan náà fún ìgbà pípẹ́, ì báà jẹ́ eré, ì báà jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìwé tèmi nìkan kọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀. Toyota máa ń kọ irú rẹ̀ fún kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́, wọ́n sì tún ń kìlọ̀ pé kí awakọ̀ má tẹ bíréèkì lójijì láàárín kìlómítà 300 àkọ́kọ́. Ní ti àwọn ọkọ̀ BMW tí wọ́n fi lẹ́tà M sàmì sí, kìlómítà 2,000 ni wọ́n fi sí, wọ́n á sì ní kí awakọ̀ gbé e padà wá fún àyẹ̀wò àti ọ́ìlì tuntun nígbà yẹn.

Ìdí tí wọn kò fi fẹ́ ìyára kan náà wà nínú sílíńdà. Ara sílíńdà tuntun kì í dán. Ilé iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi òkúta ìpọ́n fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ara wọn sí i, kí ọ́ìlì lè rí ibi dúró sí. Ríǹgì tó yí písítìn (irin tó ń lọ sókè sódò nínú sílíńdà) ká náà ṣì le, kò tíì bá ara sílíńdà mu tán. Àfi kí àwọn méjèèjì gbo ara wọn díẹ̀, kí ṣóńṣó orí àwọn ìlà yẹn jẹ, kí ríǹgì tó jókòó dáadáa. Agbára tí ríǹgì fi ń ta padà fúnra rẹ̀ nìkan kò sì tó láti ṣe é. Gáàsì epo tó ń jó lórí písítìn ni ó ń gba ẹ̀yìn ríǹgì wọlé tó ń tì í mọ́ ara sílíńdà, iṣẹ́ tí a bá sì fún ẹ́ńjìnnì ṣe ni yóò sọ bí ìtì náà ṣe máa le tó. Ẹni tó bá ń kẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jù, tí kò fún un níṣẹ́ kankan, kò jẹ́ kí ríǹgì rí ohun tì í. Ọ́ìlì á wá máa jóná mọ́ ara sílíńdà díẹ̀díẹ̀, á di èépá dídán kan tó bo àwọn ìlà yẹn mọ́lẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ríǹgì kò ní lè jókòó mọ́. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ló máa ń jẹ ọ́ìlì, tí èéfín aláwọ̀ búlúù á máa jáde lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì lè di dandan kí wọ́n tú u palẹ̀ kí wọ́n tún ara sílíńdà fá.

Àṣejù lápá kejì náà burú. Níbi tí irin ṣì ti ń gbo irin, ooru pọ̀ níbẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì tó ti gbó lọ. Bí a bá fi eré àsápajúdé kún un, ọ́ìlì tó wà láàárín wọn lè fẹ́lẹ́ jù, irin á sì ha irin.

Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo yan ọ̀nà tó ní òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo yẹra fún ọ̀nà tààrà tí ènìyàn á kàn fi ẹsẹ̀ sójú kan. Bí mo bá ń gun òkè, mo máa tẹ tọ́rótù dé bí ìdajì, kí ẹ́ńjìnnì mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀, mo máa yọ ẹsẹ̀ pátápátá láìyọ jíà, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró díẹ̀díẹ̀. Mi ò jẹ́ kí ó kọjá 4,000 lórí aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Níbi tí mi ò ti lè yẹra fún ọ̀nà tààrà, mo ń pààrọ̀ láàárín jíà kẹrin àti ìkarùn-ún, mo ń sáré díẹ̀, mo ń rọ̀ ọ́ díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì yìí dáhùn dáadáa sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń wúwo lẹ́sẹ̀, bí mo bá sì yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́rótù, ó máa ń já wálẹ̀ kíá bíi pé nǹkan kan di í mú. Nígbà tó fi máa kọjá kìlómítà 600, ìyẹn ti lọ, jíà kejì tó máa ń le láti wọlé láàárọ̀ náà ti rọ̀. Mo gbádùn bí ohùn rẹ̀ ṣe balẹ̀ lórí òkè. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ràn lára ọkọ̀ náà. Ọfà kékeré kan wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń sọ fún awakọ̀ ìgbà tó yẹ kó gbé jíà sókè. Nítorí kí epo má baà lọ púpọ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀, ó sì máa ń tètè tàn jù: a ò tíì sáré tó nǹkan, ó ti ń bẹ̀ mí kí n wọ jíà ìkarùn-ún. Ìwé kan náà tó bá ọkọ̀ wá ló ní kí n má fi jíà ńlá wọ́ ọ. Mo gba ìwé gbọ́, mi ò ka ọfà sí. Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ ṣe é kí ọfà yẹn má tàn rárá títí kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́ yóò fi pé, torí pé awakọ̀ púpọ̀ ló máa ṣe ohun tí iná bá ní kí wọ́n ṣe.

Láàárọ̀, mi ò jẹ́ kó dúró sójú kan láti gbóná. Bí mo bá ti tan án, tí ohùn rẹ̀ balẹ̀, mo ń lọ, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Písítìn tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe máa ń wú bó bá gbóná. Nígbà tó ṣì tutù, àyè tó wà láàárín òun àti sílíńdà ṣì fẹ̀, ìgbà yẹn kọ́ ni ènìyàn ń sáré. Ẹ má sì gbọ́kàn lé aago ooru omi nìkan. Omi máa ń tètè gbóná ju ọ́ìlì lọ, nítorí náà lẹ́yìn tí ọwọ́ aago bá ti dé àárín, mo ṣì máa ń ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló ń fa àríyànjiyàn jù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ní kí ẹ tú ti àkọ́kọ́ dànù ní kìlómítà 1,000, torí pé irin kéékèèké tó jẹ kúrò wà nínú rẹ̀. Ní ti alùpùpù, ọ̀rọ̀ wọn bá ìwé mu: ọ̀pọ̀ alùpùpù ló jẹ́ pé ọ́ìlì kan náà ni ẹ́ńjìnnì àti jíà ń lò, kìlómítà 1,000 sì ni ìwé wọn sábà máa ń fi àkókò àkọ́kọ́ sí. Ti mọ́tò yàtọ̀. Honda tilẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má pààrọ̀ ọ́ìlì tó bá ọkọ̀ wá títí àkókò rẹ̀ yóò fi tó. Ìwé tèmi kò béèrè pé kí n tètè pààrọ̀ rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára géèjì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ṣe kù tó. Ẹ́ńjìnnì tuntun lè mu ọ́ìlì díẹ̀ kí ríǹgì tó jókòó, ìyẹn kò yẹ kó já ẹnikẹ́ni láyà. Kó má fà kù kọjá àmì ìsàlẹ̀ ni ká máa ṣọ́. Tèmi lọ sílẹ̀ díẹ̀, kò dé àmì ìsàlẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, kò lọ sí i mọ́. Àmì tí mo ń wá gan-an nìyẹn.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin kò tíì péye tó báyìí, ìyà yìí pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn awakọ̀ máa ń lẹ ìwé mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ láti bẹ àwọn tó ń bọ̀ pé ẹ́ńjìnnì àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iṣẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n yà kọjá. Èyí tí à ń ṣe lónìí fúyẹ́, ìdí nìyí tó fi dùn mí pé àwọn kan ṣì ń fò ó.

Bíréèkì àti táyà náà nílò àsìkò tiwọn. Páàdì tuntun kì í di mú dáadáa títí yóò fi bá ojú dísíìkì mu, táyà tuntun sì máa ń yọ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá bí òjò bá rọ̀. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ tó wà níwájú yín.

Bí mo bá ní kí n fún ẹ́ńjìnnì yìí ní máàkì, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo máa fún un. Ọfà yẹn ló gba ọ̀kan, bó ṣe máa ń wúwo lórí òkè bí èrò bá kún ọkọ̀ ló gba èkejì. Lẹ́yìn kìlómítà 1,000, mi ò kàn ṣàdédé tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Mo ń fi 500 kún 4,000 tí mo fi ṣe òpin lórí aago tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mo tún fi òmíràn kún un, lẹ́yìn tí ọ́ìlì bá ti gbóná nìkan. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni yóò kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ tuntun rẹ̀ gbà, kó yan ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín ìlú àti orí òkè kọjá dípò ọ̀nà márosẹ̀, kódà bó bá máa fi wákàtí kan pẹ́ sí i.