Yamaha SuperJet 701: Jet Ski Tó Ṣeé Tún Ṣe Nílé Ní Àbújá

Nínú àwọn jet ski, ìyẹn ọkọ̀ kékeré orí omi, tí ènìyàn ń dúró gùn, èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un ṣe nínú ọgbà ilé rẹ̀ ní Àbújá ni Yamaha SuperJet oní-701 cc, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe láti ọdún 2008, nígbà tí wọ́n yí ìrísí ara rẹ̀ padà, títí di ọdún 2020. Ọdún 1990 ni SuperJet kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 633 cc, ti 701 cc sì dé ní ọdún 1994. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì yìí pẹ́ lórí àtẹ, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòro láti rí rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn yóò ti wá.

SuperJet tuntun tó jáde ní 2021 ní ẹ́ńjìnnì four-stroke oní-1,049 cc, Kawasaki SX-R tó jáde ní 2017 sì ní 1,498 cc, ó sì wúwo tó nǹkan bí 250 kg. Ọkọ̀ gidi ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń darí epo àti iná wọn, ẹni tó bá sì mú sípánà nìkan lọ́wọ́ kò lè rìn jìnnà nínú wọn. Ti 701 yàtọ̀. Sìlíńdà méjì ló ní, kábúrétọ̀ ló ń pín epo fún un, ìwọ̀n rẹ̀ láìsí epo nínú sì jẹ́ nǹkan bí 139 kg, èyí tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gbé sẹ́yìn ọkọ̀ láìsí wàhálà.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ra SuperJet, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń náwó lé lórí. Lójú tèmi, ibi tí ẹsẹ̀ ń dúró sí ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí agbára ẹ́ńjìnnì kò wúlò fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ yí. Ibẹ̀ nílò ìtẹ̀sẹ̀ rọ́bà tuntun tó nípọn, tó ní ìlà tó ń di bàtà mú, ó sì nílò ìkẹsẹ̀bọ̀ méjì tí a fi fáíbà ṣe, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Epoxy, gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó máa ń le, ni kí ẹ fi lẹ̀ wọ́n, kì í ṣe polyester tí àwọn tó ń tún bọ́ńpà ṣe sábà máa ń lò, torí pé polyester kì í mú dáadáa lára SMC, ike tí a fi fáíbà kún, tí wọ́n fi ṣe ọkọ̀ náà. Ó lè dà bí ẹni pé ó ti lẹ̀, kó sì ṣí lódindi lọ́jọ́ tí ìgbì bá gbá a. Ẹ fi sáńpépà tó le ha ojú ibẹ̀ títí dídán rẹ̀ yóò fi parẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ àti acetone nù ún. Ní oṣù kẹta, tí oòrùn Àbújá bá ti mú, epoxy tí a bá pò púpọ̀ pọ̀ sínú ike kan yóò gbóná, yóò sì dì kí a tó lò ó dé ìdajì, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa pò ó, nínú abọ́ pẹrẹsẹ, ní ìdájí. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹ ta aṣọ bò ó kí eruku má bàa bà lé e.

Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pátápátá, ẹ wọ bàtà tí ẹ ó máa fi gùn ún, ẹ dúró sínú rẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti yọ ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá há díẹ̀ péré, ẹ mú un gbòòrò sí i. Ẹni tó ṣubú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bọ́ lè fi ọrùn ẹsẹ̀ ṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹnu ibi tí omi ń gbà wọ páńpù tó ń ti ọkọ̀ síwájú ló kàn. Adágún omi Jàbí kò tóbi bí ọ̀sà, koríko omi àti ọ̀rá piọ́ wọ́tà sì lè fà wọ inú páńpù, nítorí náà irin ẹnu páńpù tó lágbára ṣe pàtàkì. Impeller (abẹ́ tó ń yí nínú páńpù) tó ń tètè ta ọkọ̀ síwájú dára níbẹ̀ ju èyí tó ń fún un ní eré àsápajúdé lọ, torí kí eré náà tó pé, etí omi á ti dé. Ọwọ́ ìdarí kò gba ìrònú púpọ̀: èyí tó bá gíga yín mu ni kí ẹ rà.

Tí ẹ bá wá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, ẹ má ṣe yọ flame arrestor (ohun tí kì í jẹ́ kí iná jáde) ẹnu kábúrétọ̀ láé láìfi òmíràn tó péye rọ́pò, torí òórùn epo máa ń kó jọ sínú ikùn ọkọ̀ náà. Èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé ju ti àtijọ́ lọ yóò béèrè pé kí a tún kábúrétọ̀ ṣètò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, epo kò ní í tó, písítìn yóò sì jó. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì wò lẹ́yìn eré gidi: tó bá pọ́n bí èèpo inú ẹ̀pà, ó dára, funfun túmọ̀ sí pé epo kéré, dúdú tó tutù sì túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Kò ní páńpù ọ́ìlì, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó máa po ọ́ìlì two-stroke mọ́ epo, ìdá kan sí 50, èyí tó jẹ́ mílílítà 200 fún jẹ́ríkàn oní-lítà 10. Ó ń rú èéfín. Tí ẹ bá sì ń ra àlòkù, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, torí fóòmù inú rẹ̀ máa ń mu omi, ọkọ̀ á sì wúwo láìsí ohun tí ojú rí.

Ariwo rẹ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ bò ní ilé tó fara mọ́ra bíi ti Gwarinpa, ẹ jẹ́ kí àwọn aládùúgbò mọ̀ kí ẹ tó dán an wò. Nígbà tí ẹ bá so ọ́ọ̀sì omi mọ́ ọn láti dán an wò lórí ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì ni kó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí ẹ tó ṣí omi. Tí ẹ bá sì fẹ́ pa á, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ tì, torí omi tó bá ń wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú lè ṣàn padà wọ inú sìlíńdà.