Lẹ́fẹ́ẹ̀lì oníná lórí ìbọn: méjì ni mo rà, ọ̀kan ló ṣì wà lórí ìbọn mi

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Oṣù kọkànlá tó kọjá, mo wà ní réńjì kan, pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn, tó tó ìrìn wákàtí méjì sí Houston, mo dùbúlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́, páànù irin tí mò ń yìnbọn sí wà ní 1,000 yáàdì, ọta mẹ́ta tẹ̀léra wọn, gbogbo ẹ̀ gba ọ̀tún kọjá, kò sí èyí tó bà á. Mo ní atẹ́gùn ni. Mo sún àgbélébùú inú awò orí ìbọn, èyí tí mo fi ń wo àmì, sí òsì díẹ̀, ìkẹrin bà á, ìkarùn-ún tún wá fò kọjá lápá òsì, orí mi dàrú, torí koríko tó wà níwájú mi ò mì rárá, atẹ́gùn wo ni mo wá ń bá jà?

Bàbá òyìnbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àgbàlagbà gan-an, àga ló máa ń gbé wá tiẹ̀ táá sì máa fi awò ńlá wo ibi tí ọta gbogbo èèyàn ń bọ́ sí. Òun ló bi mí pé ṣé mo mọ̀ pé ìbọn mi ń fì. Mo ní rárá o sà, lẹ́fẹ́ẹ̀lì olómi, irú ti bíríkìlà, wà lórí ẹ̀. Ó ní kí n wò ó. Mo gbójú sókè báyìí, róbótó afẹ́fẹ́ inú omi yẹn ti sá lọ sí igun ọ̀tún pátápátá, tó túmọ̀ sí pé òsì ni ìbọn fì sí, tí n bá sì máa sọ òótọ́, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀kan látìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀. Ọ̀tún ló fì sí tẹ́lẹ̀, mo wá tún ìbọn gbé láàárín ìkẹrin sí ìkarùn-ún, ìyẹn ló jẹ́ kó yí padà láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ fífì yìí ò bá tíì yé, kò le. Ọta kì í lọ gbọọrọ bí okùn, ó ti ń jábọ̀ látìgbà tó ti kúrò lẹ́nu ìbọn, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń gbé ẹnu ìbọn sókè díẹ̀ bí ẹni ń sọ òkò sí máńgòrò tó wà ní òdìkejì ọgbà. Ọta tí wọ́n ń pè ní 6.5 Creedmoor ni tèmi, tí n bá fẹ́ lu 1,000 yáàdì mo máa ń yí túrẹ́ẹ̀tì, kóróbótó yíyí tó wà lórí awò, sókè ní nǹkan bíi mil 8.5, mil ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka yíyí ẹ̀. Ní ọ̀nà yẹn mil kan jẹ́ íǹṣì 36, ẹ ṣírò ẹ̀, íǹṣì 306 nìyẹn, ó ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ. Nínú gíga yìí ni ìbọn tó fì ti máa ń bù, táá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá fì sọ́tùn-ún ní dìgírì kan péré, ọta á yà sọ́tùn-ún ní íǹṣì márùn-ún lé díẹ̀. Dìgírì mẹ́ta ńkọ́? Íǹṣì 16. Dìgírì mẹ́ta ò sì tó nǹkan tí ojú lè rí o, pàápàá tí ilẹ̀ tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ sí bá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ojú á kàn gba ilẹ̀ gbọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ní 600 yáàdì, dìgírì kan yẹn ò ju íǹṣì kan àtààbọ̀ lọ, ní 100 yáàdì kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n jù ú lọ. Torí náà ẹ̀yin tó jẹ́ pé 100 yáàdì lẹ ti ń ṣeré, ẹ fi owó yín ra ọta. Àfi àwọn tó ń fi .22, ọta kékeré yẹn, yin ọ̀nà jíjìn o, ọta wọn ń rọra rìn, ó ń já bọ́ gan-an, ní 300 yáàdì, dìgírì kan á ti gba nǹkan bí íǹṣì méjì àtààbọ̀ lọ́wọ́ wọn, páànù wọn náà ò sì tóbi.

Lẹ́fẹ́ẹ̀lì olómi ò burú. Kò nílò bátìrì, owó ẹ̀ ò wọ́n. Àbúrò mi tó wà ní London máa ń lọ sí Bisley, ibùdó ìyìnbọn kan ní England, lórí pápá Stickledown tí wọ́n ti ń yìn dé 1,200 yáàdì, ó ní àwọn àgbà ibẹ̀ tí kì í lo awò rárá, inú ojú irin tó wà lẹ́nu ìbọn ni wọ́n fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì olómi sí, wọ́n á rí i bí wọ́n ṣe ń wo àmì. Ìyẹn dáa. Ti àwa tá à ń lo awò ló jẹ́ wàhálà, torí ẹ ní láti mójú kúrò kẹ́ ẹ tó rí i, ó sì sún mọ́ ojú débi pé ó máa ń ṣe bàìbàì. Tí òtútù bá mú, omi inú ẹ̀ á sún kì, róbótó á wá tóbi, táá máa rọra fà bí ìgbín, tó bá di oṣù kẹjọ ní Texas ńbí, omi á wú, róbótó á kéré.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá oníná nìyẹn o.

Àkọ́kọ́ tí mo rà, dọ́là 140, síkírìnì kékeré ló ní, ó ń kọ nọ́ńbà. 0.37, 0.41, 0.29, ó ń jó ni, kì í dúró lójú kan. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i pé ó mọ̀ ọ́n kà gan-an, mo wá rí i pé kíka nọ́ńbà ni ìṣòro ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yìnbọn, tó ti ń rọra mí jáde, ìka ẹ̀ ti wà lórí tírígà, ẹ ní kó máa ka ìṣirò? Oòrùn tún wá ràn sí síkírìnì yẹn, funfun báláú, mi ò rí nǹkan kan mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi ń jó, torí ìyẹn lẹ máa fi mọ èyí tó dáa. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tó wà nínú fóònù yín tó fi ń mọ̀ pé ẹ ti yí fóònù nà gbalaja. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ń fà á sí. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kí ilẹ̀ fà á àti kí ọwọ́ èèyàn mì ín, gbogbo ẹ̀ ọ̀kan náà ni lójú tiẹ̀. Àwọn tó ṣe é wá ní láti pa ọ̀pọ̀ kíkà pọ̀ kí wọ́n tó gbé ìdáhùn kan jáde. Tí wọ́n bá pa díẹ̀ pọ̀, ó yá, ṣùgbọ́n á máa jó. Tí wọ́n bá pa púpọ̀ pọ̀, á dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ti lè gbé ìbọn dúró dáadáa tán kó ṣì máa sọ fún yín pé ẹ fì. Ibi tí wọ́n fi sí láàárín méjèèjì yìí lẹ̀ ń sanwó fún, kì í ṣe nọ́ńbà lẹ́yìn àmì ìdá.

Nǹkan tó wá bí mi nínú. Bíríkìlà ni bàbá mi, Ṣakí la ti dàgbà, mi ò tíì rí kí bàbá yẹn gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé búlọ́ọ̀kù kó má yí i padà kó tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Tí lẹ́fẹ́ẹ̀lì bá ń sọ òótọ́, tẹ́ ẹ bá yí orí ẹ̀ sídìí, nǹkan kan náà ló yẹ kó sọ. Mo gbé oníṣíkírìnì mi lé orí káńtà kíṣìnì, mo fi bírò sàmì sí ibi tó jókòó sí, ó ní 0.0. Mo yí i padà síbi àmì yẹn gan-an, ó ní 0.6. Ẹ rí i? Káńtà fì ní 0.3, òun náà sì ń fi 0.3 parọ́, ìgbà àkọ́kọ́ irọ́ àti òótọ́ pa ara wọn rẹ́. Kò sì ní ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi dákẹ́, ó wá ní ọjọ́ tí wọ́n ń gba ọjà padà ti kọjá. Ọlọ́run á dá mi lóhùn jàre.

Èkejì, dọ́là 230, kò ní síkírìnì rárá. Iná wẹ́wẹ́ ni, ti àárín jẹ́ àwọ̀ ewé, pupa ló wà lọ́tùn-ún lósì, ìbọn tó bá fì, iná apá ibi tó fì sí ló máa tàn. Ó parí. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, kí ẹnì kan má baà ní wọ́n fún mi lówó, ohun tó ń ṣe ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ ò ní láti wo iná yẹn tààrà, ẹ kàn máa mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú bíi pé ẹnì kan ń ju ọwọ́ sí yín. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ojú ẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé náà lò ó, ibi tí iná wà ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹ tún lè sọ fún un iye tó gbọ́dọ̀ fì kó tó pariwo. Mo kọ́kọ́ fi í sí ibi tó kéré jù, ó fẹ́ẹ̀ sọ mí di wèrè, mo wá gbé e sí ààbọ̀ dìgírì, ọkàn mi balẹ̀.

Ṣùgbọ́n o, ẹni tó bá máa ń di ojú kejì tó bá ń yìnbọn, ẹ má rà á. Apá òsì ìbọn ni mo de tèmi mọ́, ojú òsì ló ń rí i, oṣù kan gbáko ni mo fi kọ́ bí mo ṣe máa lajú méjèèjì, orí fọ́ mi níbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ jù ni bọ́tìnnì kan tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ rí i, kì í ṣe réèlì ìbọn, irin orí ẹ̀ tí wọ́n ń de awò mọ́, ló yẹ kó tọ́, àgbélébùú inú awò ni, torí òun ni túrẹ́ẹ̀tì ń tẹ̀ lé. Olómi tèmi bá réèlì mu, awò mi sì ti yí díẹ̀ nínú òrùka ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí róbótó wà láàárín gbáà kí n ṣì máa fì. Mo wá ṣe bíi ti bàbá mi, mo so túḿbà: okùn pupa, mo fi irin wúwo so ìdí ẹ̀, mo gbé e kọ́ sí 100 yáàdì. Atẹ́gùn ń fì í, mo bá ri irin yẹn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ló bá dúró. Mo gbé àgbélébùú lé okùn yẹn títí wọ́n fi di ọ̀kan, mo tẹ bọ́tìnnì, lẹ́fẹ́ẹ̀lì gbà pé ibí ni ó tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo yí túrẹ́ẹ̀tì sókè mil 10, ìyẹn íǹṣì 36 níbẹ̀, mò ń wò ó bó ṣe ń lọ, kò kúrò lórí okùn. Tó bá jẹ́ pé ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ni, ẹ lọ tú òrùka awò yín, lẹ́fẹ́ẹ̀lì kankan ò lè gbà yín.

Àléébù ẹ̀ ò ṣàìsí. Ó máa ń sùn fúnra ẹ̀ tí ìbọn bá dúró jẹ́ẹ́, táá jí tí wọ́n bá gbé e, ọgbọ́n ńlá, àmọ́ nínú búùtù mọ́tò ńkọ́? Wákàtí méjì lórí ọ̀nà, gbogbo kòtò ló ń jí i, mo débẹ̀, bátìrì ti kú. Bátìrì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnnì ni, mo ti ń yọ ọ́ báyìí kí n tó wọkọ̀. Ìdájí, iná ẹ̀ mọ́lẹ̀ jù kódà níbi tó kéré jù, mo lẹ téèpù mọ́ ọn. Ṣúkúrúù méjì tó dè é náà tú lẹ́yìn nǹkan bí 200 ọta, ẹ máa fi álẹ́ẹ̀nì kíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo padà lọ lóṣù kejì. Òkúta wẹ́wẹ́ kan náà, bàbá kan náà lórí àga ẹ̀. Iná ọ̀tún tàn, mo na ẹsẹ̀ ọ̀tún báípọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ méjì tó gbé iwájú ìbọn dúró, ní ihò kan, ó di àwọ̀ ewé, mo yìn ín, ẹ̀yìn bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, gbìn-ín. Bàbá ò sọ̀rọ̀, ó kàn mi orí. Mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ló bà á lọ́jọ́ yẹn, méjì tó kù, atẹ́gùn ni lóòótọ́.

Olómi ṣì wà lórí ìbọn, mi ò tú u, nítorí bátìrì. Oníṣíkírìnì ọjọ́ kìíní yẹn, ìyàwó mi ló gbà á, ó fi gbé fọ́tò ìgbéyàwó wa kọ́ sí pálọ̀. Màmá ẹ̀ wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò tíì jókòó tó fi ní ta ló gbé fọ́tò yìí kọ́, ó fì.