Prósẹ́sọ̀ wo ló bá káàdì wo mu? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà géèmù

Ohun tí ẹni tó fẹ́ to kọ̀ǹpútà géèmù máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé káàdì yìí dára?" Ìbéèrè náà ò pé. Káàdì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán géèmù (GPU), kì í dá férémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀lé ara wọn lójú mọ́nítọ̀, mú wá. Iye férémù tí ẹ máa rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn FPS, wà lọ́wọ́ prósẹ́sọ̀ (CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti káàdì pọ̀, èyí tó bá lọ́ra jù nínú àwọn méjèèjì ló sì ń pinnu rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ wò ó bíi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí ẹnì kan ti ń gé aṣọ, tí ẹnì kejì ń rán an. Bí ẹni tó ń gé bá lè gé mẹ́wàá lójúmọ́, tí ẹni tó ń rán ò lè rán ju mẹ́fà lọ, mẹ́fà ló máa jáde. Prósẹ́sọ̀ ló ń gé: òun ló ń ṣírò ibi tí ọ̀tá sá pa mọ́ sí, ibi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí, àti ohun tó yẹ kó hàn, kó tó pàṣẹ fún káàdì pé kó yà á. Tí ẹ bá kúrò lórí mọ́nítọ̀ 1080p bọ́ sórí 4K, píksẹ́lì tí káàdì máa yà fún férémù kan á ti 2,073,600 di 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin gééré. Iṣẹ́ prósẹ́sọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Iye ọ̀tá kan náà ló ń ṣírò, mọ́nítọ̀ ì báà kéré, ì báà tóbi.

Ibẹ̀ ni ìlànà tí mo fi ń bá èèyàn yan ọjà ti wá: mọ́nítọ̀ yín ni kó yan káàdì, iye férémù tí ẹ ń wá ni kó yan prósẹ́sọ̀. Ẹni tó fẹ́ 60 FPS fún prósẹ́sọ̀ rẹ̀ ní mílísẹ́kọ́ńdì 16.7 láti parí iṣẹ́ orí férémù kan. Ẹni tó fẹ́ 144, 6.9 péré ló fún un. Ẹni tó fẹ́ 240, 4.2.

Ryzen 5 5600 pẹ̀lú RTX 4070, tàbí Ryzen 7 5700X3D pẹ̀lú RTX 4060?

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù nìyí, nítorí náà ibẹ̀ la máa pẹ́ sí jù. Ẹni àkọ́kọ́ kó owó lé káàdì lórí, ẹnì kejì kó o lé prósẹ́sọ̀. Mọ́dábọ́ọ̀dù AM4 kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, RAM DDR4 kan náà.

Ọdún 2022 ni Ryzen 5 5600 jáde: core mẹ́fà (apá tó ń ṣírò nínú prósẹ́sọ̀), thread méjìlá (ìlà iṣẹ́ tó lè ṣe lẹ́ẹ̀kan náà), cache L3 (ìrántí kékeré tó yára nínú prósẹ́sọ̀) 32MB. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni 5700X3D dé, ó ní core mẹ́jọ àti cache L3 96MB. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé 4.1GHz ni 5700X3D lè sáré dé, nígbà tí 5600 ń dé 4.4GHz. Síbẹ̀, 5700X3D ló ń yára jù nínú géèmù, torí pé ohun tí géèmù ń béèrè lemọ́lemọ́ ti wà nítòsí rẹ̀ nínú cache, kò ní máa sáré lọ sáré bọ̀ lọ́dọ̀ RAM. Ní ti káàdì, RTX 4060 ní ìrántí 8GB, ó sì ń jẹ iná 115 wọ́ọ̀tì; RTX 4070 ní 12GB, ó ń jẹ 200, agbára rẹ̀ sì ju ti àbúrò rẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ gbé Cyberpunk 2077 síwájú wọn lórí 1440p pẹ̀lú sẹ́tíǹgì tó ga. Kò sí ìjà níbẹ̀ rárá: 5600 pẹ̀lú 4070 ló borí. Ní ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, RTX 4060 ti dé 99%, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, cache 96MB tó náwó lé lórí kàn ń dúró dè é ni. Wàyí o, ẹ gbé Counter-Strike 2 wá lórí 1080p, sẹ́tíǹgì ìsàlẹ̀, mọ́nítọ̀ 240Hz. Ọ̀rọ̀ yí padà. Iṣẹ́ káàdì fúyẹ́ níbẹ̀, prósẹ́sọ̀ ló wà lẹ́nu iṣẹ́, 5700X3D á sì gbé férémù wá ju 5600 lọ dáadáa. RTX 4070 olówó ńlá yẹn á máa sinmi ni. Irú ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú Microsoft Flight Simulator àti Factorio, tí cache ń ràn lọ́wọ́ gan-an.

Èrò tèmi: àfi bí ó bá jẹ́ pé géèmù ìdíje bíi CS2 àti Valorant lẹ fi ń jẹun tàbí tí ẹ fi ń sùn, ẹ mú ti àkọ́kọ́. 5600 lè gbé ọ̀pọ̀ géèmù dé ibi tí ojú èèyàn ti máa tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lọ́jọ́ iwájú, bí ẹ bá rí X3D rà ní iye tó bójú mu, ẹ kàn máa yọ 5600 kúrò, ẹ fi X3D síbẹ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù yẹn kan náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìmúdójúìwọ̀n BIOS (ètò tó ń darí mọ́dábọ́ọ̀dù). Ẹ rántí pé fáànù wà nínú páálí 5600. Kò sí nínú ti X3D.

Ryzen 5 5600 tàbí i5-12400F pẹ̀lú RX 6600

Fún mọ́nítọ̀ 1080p àti ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, mi ò ní lọ jìnnà ju ibí lọ. EA Sports FC kò wúwo lọ́rùn wọn, Fortnite náà ò wúwo. RX 6600 ní 8GB, 132 wọ́ọ̀tì ló ń jẹ. Nínú prósẹ́sọ̀ méjèèjì, èyí tí mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ bá rọ̀ jù lọ́jà ni kẹ́ ẹ mú. Ìyàtọ̀ wọn nínú géèmù ò tó nǹkan tó yẹ kí èèyàn torí rẹ̀ jà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò kan fi Ryzen 5 5500 rọ́pò 5600 fún yín pé "ọ̀kan náà ni." Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Cache 5500 jẹ́ 16MB, ìdajì ti 5600, PCIe 3.0, irú àtijọ́ ọ̀nà tí káàdì fi ń bá prósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀, ló sì ń lò. Ọ̀nà mẹ́jọ péré ni RX 6600 àti RTX 4060 ń gbà bá prósẹ́sọ̀ sọ̀rọ̀. Lórí PCIe 3.0, ohun tí ọ̀nà yẹn lè gbé á já sí ìdajì. Ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára títí di ọjọ́ tí géèmù bá béèrè ju 8GB lọ. Ọjọ́ náà ni géèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀.

Dell tòkunbọ̀ pẹ̀lú káàdì tí kò nílò wáyà iná

Kò sí ẹni tó wọ Computer Village n'Íkẹjà tí kò ní rí OptiPlex ti Dell tàbí EliteDesk ti HP tí wọ́n kó wá láti àwọn ọ́fíìsì òkè òkun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní i5-6500, prósẹ́sọ̀ ọdún 2015: core mẹ́rin, thread mẹ́rin. Pàwà inú wọn kéré, lọ́pọ̀ ìgbà kò tó 300 wọ́ọ̀tì, kò sì sí wáyà iná fún káàdì. Nítorí náà, GTX 1650 tí kò ní ojú wáyà tàbí RTX 3050 tó jẹ́ 6GB ni wọ́n lè gbé, èyí tí iná orí mọ́dábọ́ọ̀dù ti tó fún. Bí àpótí rẹ̀ bá jẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ gbọ́dọ̀ béèrè káàdì kúkúrú (low profile).

Wàhálà ibẹ̀ kì í ṣe FPS gbogbogbòò. Nọ́ńbà yẹn lè dára lójú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni èyí tí wọ́n ń pè ní 1% low, ìyẹn bí géèmù ṣe ń rìn nínú ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún férémù tó lọ́ra jù. Nínú géèmù tí èrò pọ̀ sí, thread mẹ́rin yẹn máa kún fọ́fọ́, géèmù á dúró fìrì, á sì tún sáré. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Microsoft kò ka i5-6500 mọ́ prósẹ́sọ̀ tí Windows 11 fọwọ́ sí, àtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti dópin ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025. Mo lè gbà kí èèyàn rà á fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Mi ò ní fi RTX 4060 sínú rẹ̀ láé.

Arc B580: káàdì olówó pọ́ọ́kú tó ń fẹ́ prósẹ́sọ̀ tuntun

Intel gbé e jáde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024 ní dọ́là 249, pẹ̀lú 12GB. Lójú ẹni tó ń wá ọjà olówó pọ́ọ́kú, bí ẹni pé òun gan-an ló yẹ kó lọ bá prósẹ́sọ̀ àtijọ́. Òdì rẹ̀ ló jẹ́. Ní oṣù Ṣẹrẹ 2025, àwọn tó ń dán káàdì wò fi í sórí Ryzen 5 2600, férémù rẹ̀ sì já wálẹ̀ gan-an, torí pé dráífà rẹ̀ (sọ́fítíwia tó ń darí káàdì) ń gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ prósẹ́sọ̀. Nínú àwọn géèmù kan, kódà lórí Ryzen 5 5600, RTX 4060 ló ń yọrí nígbà náà. Ó tún ń fẹ́ Resizable BAR (ètò tó ń jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ dé gbogbo ìrántí káàdì lẹ́ẹ̀kan náà), tí ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ ò ní. Orí prósẹ́sọ̀ tuntun ló ti ń ṣe dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó dá prósẹ́sọ̀ lẹ́bi

Ẹ yẹ RAM wò. RAM ẹyọ kan 16GB àti méjì tó jẹ́ 8GB, 8GB kì í ṣe nǹkan kan náà. Méjì ń ṣí ọ̀nà méjì fún prósẹ́sọ̀. Ẹ wọ inú BIOS, kẹ́ ẹ tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iyára tí wọ́n kọ sí i lára), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ RAM 3200 tí ẹ ra lè máa rìn ní 2133 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi MSI Afterburner àti RivaTuner sórí kọ̀ǹpútà, kí nọ́ńbà máa hàn ní igun mọ́nítọ̀ bí ẹ ṣe ń ta géèmù. Bí GPU bá wà ní 97 sí 99%, káàdì ló ń fà yín sẹ́yìn. Bí ó bá wà ní 60%, tí ẹ ò tan V-Sync (tó ń so FPS mọ́ iyára mọ́nítọ̀), tí ẹ ò sì fi ààlà sí FPS, prósẹ́sọ̀ ni. Nọ́ńbà CPU fúnra rẹ̀ máa ń tanni. Ó lè kọ 35%, kẹ́ ẹ rò pé ó ń ṣeré. Lórí prósẹ́sọ̀ tó ní thread méjìlá, thread kan tó ń ṣiṣẹ́ tokuntokun kò ju nǹkan bíi 8% lọ nínú àròpọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, thread kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ géèmù di ẹrù tó wúwo jù lé. Àyẹ̀wò tó yá jù ni kẹ́ ẹ gbé géèmù wá sí 720p. Bí FPS ò bá gòkè, ẹ má náwó lórí káàdì.

Bákan náà ni DLSS, ètò NVIDIA tó ń dín iṣẹ́ káàdì kù. Bí ẹ bá tan DLSS Quality lórí 1440p, 960p ni káàdì ń yà kó tó fẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ káàdì dín kù, ti prósẹ́sọ̀ ò dín, ìdí nìyẹn tí FPS kì í fi í kúrò lójú kan fún ẹni tí prósẹ́sọ̀ rẹ̀ ti dàgbà. Frame Generation ń fi férémù tí AI yà há àárín tàwọn ti géèmù, nọ́ńbà á sì ga, àmọ́ bọ́tìnì tí ẹ tẹ̀ ò ní tètè dáhùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Fún ẹni tó ń ta géèmù lórí ìnfátà n'Íbàdàn tàbí l'Ékòó, ìyàtọ̀ 55 wọ́ọ̀tì tó wà láàárín RTX 3060 àti RTX 4060 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Kẹ́ ẹ fi ààlà 60 sí FPS náà máa ń dín iná kù.

Láptọ́ọ̀pù

Ibẹ̀ ni orúkọ ti ń parọ́ jù. RTX 4060 inú láptọ́ọ̀pù kan lè máa jẹ 60 wọ́ọ̀tì, ti òmíràn 115. Orúkọ kan náà, férémù ọ̀tọ̀. Ẹ ò sì lè yọ prósẹ́sọ̀ tàbí káàdì rẹ̀ pààrọ̀ bó bá yá. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan án, kẹ́ ẹ ṣí NVIDIA Control Panel, kẹ́ ẹ tẹ System Information, kẹ́ ẹ wá ka nọ́ńbà tó wà níwájú Maximum Graphics Power.