Iṣẹ́ nótárì ní Ìkòròdú: ojú rẹ̀ lẹ ń sanwó fún, kì í ṣe òǹtẹ̀ rẹ̀

Láti Sábó títí dé àyíká kóòtù, kò nira láti rí pátákó tí wọ́n kọ "affidavit", ìyẹn ìwé ìbúra, sí ní Ìkòròdú. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí: ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì tó fi ìbúra kún ọjà rẹ̀, ọ́fíìsì ìbúra nínú kóòtù, àti ọ́fíìsì lọ́yà tó jẹ́ nótárì, ìyẹn lọ́yà tí wọ́n yàn láti máa gba ìbúra kó sì máa jẹ́rìí sí ìwé. Òǹtẹ̀ wọn lè jọra lójú ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn òǹtẹ̀ náà ò jọra rárá.

Ti onífọ́tòkọ́pì ló yá jù, òun náà ló sì burú jù. Ẹ dárúkọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú fọ́ọ̀mù tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n fa bébà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ yọ, ẹ buwọ́ lù ú, ó tán. Ẹnikẹ́ni ò ní kẹ́ ẹ búra. Bẹ́ẹ̀, nísàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n kọ ọ́ pé iwájú lágbájá lẹ ti búra. Irọ́ àkọ́kọ́ tí ìwé náà pa nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó yẹ ohun tẹ́ ẹ kọ sínú rẹ̀ wò. Nígbà míì, lọ́yà tí orúkọ rẹ̀ wà lórí òǹtẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìwé náà wà láyé. Ọjọ́ tí báǹkì tàbí lọ́yà alátakò bá ń tọpa rẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ buwọ́ lù ú ni wọ́n máa bi, kì í ṣe ọmọ tó bá yín tẹ̀ ẹ́. Kò tọ́ kéèyàn ná kọ́bọ̀ síbẹ̀.

Ọ́fíìsì ìbúra nínú kóòtù dára fún ohun tí kò ní kọjá Nàìjíríà: ìwé ẹ̀rí tó sọnù, káàdì SIM, àtúnṣe orúkọ, ọjọ́ orí. Ẹ mú NIN tàbí páspọ́ọ̀tù dání, bó bá sì jẹ́ pé nǹkan ló sọnù, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Owó ìjọba ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, nítorí náà ẹ bèèrè rìsíìtì. Àwọn alágbàtà tó ń dúró lẹ́nu géètì ló máa ń sọ owó kékeré di ńlá. Bíbélì wà, Kùránì wà, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin búra, ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ò sì fàyè gba ìbúra lè fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ láìbúra. Ohun tó máa ń ba ìwé jẹ́ níbẹ̀ ni àròyé. Òfin tó ń darí ẹ̀rí nílé ẹjọ́, ti ọdún 2011, ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ tàbí àríyànjiyàn nínú ìwé ìbúra. Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ. Bó bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́ fún yín, ẹ dárúkọ onítọ̀hún, kẹ́ ẹ sọ ìgbà àti ibi tó ti sọ ọ́. Ìpínrọ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, ibi tí wọ́n bá sì ti fagi lé nǹkan, kí òṣìṣẹ́ tó gba ìbúra yín buwọ́ sí etí ìlà náà.

Bí ìwé bá ń lọ sókè òkun, tàbí tó jẹ́ ìwé tó fún ẹlòmíì láṣẹ lórí dúkìá yín, ẹ fi kóòtù sílẹ̀, ẹ wá nótárì. Kì í ṣe gbogbo lọ́yà ni nótárì o. Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló ń yàn wọ́n láàárín àwọn lọ́yà tó ti lo ọdún 7 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ìwé ìyànsípò wọn sábà máa ń wà lára ògiri. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ fi orúkọ inú rẹ̀ wé ti òǹtẹ̀.

Ọ́fíìsì tó mọṣẹ́ kì í yára bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gba káàdì ìdánimọ̀, wọ́n á fi fọ́tò inú rẹ̀ wé ojú yín, wọ́n á ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n á bi yín bóyá ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ buwọ́ lù àti bóyá ẹnikẹ́ni fipá mú yín. Ẹ má buwọ́ lù ú láti ilé wá. Iwájú nótárì lọwọ́ ti ń lọ sórí bébà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n á fi ìlà dí gbogbo àyè tó ṣófo, ẹ ó fi àmì orúkọ yín sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìwé tó so mọ́ ọn á gba àmì A, B, títí lọ. Déètì ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa kọ. Nótárì tó bá gbà láti fi déètì oṣù tó kọjá sí i, ẹ dìde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òǹtẹ̀ tó ní orúkọ rẹ̀, sítáǹpù ẹgbẹ́ lọ́yà, àti èdìdì pupa. Àwọn tó dáa máa ń ní ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ ọjọ́, orúkọ, nọ́ńbà káàdì àti irú ìwé sí, tẹ́ ẹ ó sì buwọ́ lù. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ní òun kọ́ lòun buwọ́ lùwé, ìwé ńlá yẹn lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ti máa ń dán ọ́fíìsì wò jù ni bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àgbàlagbà tí kò kàwé. Ìkòròdú ni wá. Bàbá olórí ẹbí tó fẹ́ tẹ̀ka sórí ìwé ilẹ̀ wọ́pọ̀. Òfin fẹ́ kí wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí i létí, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kó hàn pé ó yé e, kó tó tẹ àtàǹpàkò níwájú ẹni tó ń gba ìbúra, kí wọ́n sì kọ gbogbo èyí sílẹ̀ lábẹ́ ìwé náà pẹ̀lú orúkọ ògbufọ̀. "Bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbí" nìkan ò tó. Bí ògbufọ̀ bá tún jẹ́ ọmọ ẹni tó ń ra ilẹ̀, wàhálà ń bọ̀.

Èrè gidi wà nínú ìwé aṣojú tí wọ́n ń pè ní power of attorney: bí nótárì bá jẹ́rìí sí i, ilé ẹjọ́ á gbà pé òótọ́ ni wọ́n buwọ́ lù ú, àyàfi tí ẹnìkan bá mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ nótárì kì í sọ ilẹ̀ onígbèésè di mímọ́. Rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ tó gba èdìdì pupa ṣì jẹ́ rìsíìtì ọmọ onílẹ̀. Àṣẹ gómìnà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ń béèrè àti ìforúkọsílẹ̀ ní Alausa ò sí nínú rẹ̀. Bákan náà ni nótárì ò lè sọ fọ́tòkọ́pì C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, di ẹ̀dà àṣẹ (certified true copy), torí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ojúlówó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lè ṣe ìyẹn.

Ẹ máa fojú rere wo nótárì tó bá kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Òfin kà á léèwọ̀ fún un láti lo agbára rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ní ìpín nínú. Lọ́yà tó ń gbẹjọ́ yín rò ò sì lè gba ìbúra yín fún ẹjọ́ kan náà, akọ̀wé rẹ̀ pàápàá ò lè gbà á. Ẹni tó bá ní ìdá kan nínú owó ilẹ̀ lòun máa gbà fún òǹtẹ̀ ti di oníṣòwò ilẹ̀. Ti fídíò ńkọ́? Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí òfin ẹ̀rí yẹn lọ́dún 2023 fàyè gba ìbúra níbi tẹ́ ẹ ti ń rí ara yín lórí fídíò. Fọ́tò ìbuwọ́lùwé tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́ kì í ṣe ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ fi orúkọ wé páspọ́ọ̀tù lẹ́tà sí lẹ́tà, orúkọ àárín náà. Ìwé tó ń lọ sókè òkun sábà máa ń gba ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ìjọba fún ọ̀rọ̀ òkèèrè kọjá kó tó dé ẹ́ńbásì, bí lẹ́tà kan bá sì yàtọ̀, Ìkòròdú lẹ máa padà sí, gba Mile 12 kọjá, lọ́jọ́ míì.