Fóònù rédíò inú típà wa, kí GSM tó dé

Ẹnjiníà tó wá de fóònù rédíò mọ́ àwọn ọkọ̀ wa níbi ìfọ́ òkúta, lẹ́bàá Abẹ́òkúta ní 1996, ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ọ̀gá wa ní kó de ọ̀kan mọ́ ọkọ̀ tó ń kó dínáámáìtì. Ọmọkùnrin náà kọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò ní dè é."

Ọ̀gá bú u, kò fèsì èébú. Ó mú kápù oníná kan, irú èyí tó ń mú dínáámáìtì bú, ó fi wáyà ẹ̀ hàn wá. Ó ní wáyà yẹn lè gba agbára rédíò bí irin ẹ́ríà rédíò ṣe ń gbà á, kápù á sì bú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Ó ní nígbàkígbà tí wọ́n bá ń di dínáámáìtì sínú ihò àpáta, kí gbogbo rédíò tó wà nítòsí wà ní pípa títí wọn á fi yìn ín tán. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára pátákó fúnra ẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ̀rọ náà dáa. Orí òkè ni ẹnjiníà gbé rìpítà sí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn rédíò tó sì ń tún un fọ́n síwájú, torí òkè máa ń dí VHF, ìgbì rédíò tí fóònù náà ń lò, lọ́nà. Wọ́n so ó mọ́ ìlà NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, awakọ̀ tí táyà ẹ̀ bẹ́ ní Síun á sì bá Èkó sọ̀rọ̀. Tí ẹnì kan bá ń sọ, ẹnì kejì á dákẹ́ títí onítọ̀hún á fi tú bọ́tìnì sílẹ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó kọ́kọ́ lo fóònù ọkọ̀ ní St. Louis ní 1946.

Àṣírí ni kò sí. Oníbàárà kan jókòó ti awakọ̀ wa, ó gbọ́ iye tí a dá fún ẹlòmíì, ló bá bọ́ sílẹ̀. Kò ra òkúta lọ́wọ́ wa mọ́.

Ìgbà tí àrá pa rìpítà ni mo wá mọ ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni fóònù náà. Ẹnjiníà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Màdámù tó jókòó níwájú ní ká kọ lẹ́tà. A kọ ọ́, wọ́n ní kò ní òǹtẹ̀. Mo gbé èyí tó lóǹtẹ̀ lọ, wọ́n ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i lọ jẹun. Mo dúró títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Oṣù parí, wọ́n fi ìwé owó ránṣẹ́, wọn ò yọ ọjọ́ kan ṣoṣo kúrò nínú gbogbo ìgbà tí rìpítà fi kú! Ìwọ̀sí gbáà ni. Inú ṣì ń bí mi.

Máàkì tí mo fún fóònù náà: 4 nínú 5. Kí GSM tó dé ní 2001, bí ìlà tẹlifóònù 400,000 péré ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà, kò sì sí ìkankan lójú títì tí ọkọ̀ wa máa ń kú sí.