Ìràwọ̀ méjì ni mo fún áàpù atúmọ̀ èdè yìí, nítorí ọ̀rọ̀ “stillbirth”

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe ní ìlú London, láàárín àwọn aláboyún tó gbọ́ Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ àti àwọn dókítà tó ń tọ́jú wọn. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń san pọ́n-ùn mẹ́rin lóṣooṣù lórí áàpù atúmọ̀ èdè kan, èyí tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ni ín, mo sì ṣì ń retí èsì tó nítumọ̀. Kí n má purọ́, áàpù náà dára níbi tó bá ti dára. Ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó mọ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó mọ ìtọ̀ ṣúgà, ó sì mọ̀ pé ibi ọmọ ni à ń pe ohun tó ń bọ́ ọmọ nínú ilé ọmọ, tó sì ń tẹ̀ lé e jáde.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “stillbirth”, ìyẹn kí a bí ọmọ tó ti kú kó tó jáde. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a tó wọ yàrá, ó ní ọ̀rọ̀ tí dókítà fẹ́ sọ fún ìyá tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ tí n ó lò wò, mo bá tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun mẹ́ta ló gbé jáde, láìsí àmì ohùn kankan lórí wọn: “abiku”, “iseyun”, “ibi oku”.

Àbíkú kì í ṣe ọmọ tí a bí ní òkú. Ọmọ tí à ń pè ní àbíkú ti ké, ó ti mu ọmú, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ kó tó padà lọ, a sì gbà pé òun náà ló tún ń padà wá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi orúkọ bẹ̀ ẹ́, bíi Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòkúmọ́. Bí mo bá pe ọmọ tí kò ké rárá ní àbíkú lójú ìyá rẹ̀, n kò sọ ohun tí dókítà sọ mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ náà ló wù ú láti lọ. Ìṣẹ́yún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ṣẹ́yún mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, bẹ́ẹ̀ ìyá ọkọ obìnrin yìí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ká tiẹ̀ ní oyún tó bàjẹ́ ni áàpù ní lọ́kàn, ìyẹn náà kò bá a mu, nítorí oyún tí kò tíì pẹ́ là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, obìnrin yìí sì ti ra aṣọ ọmọ.

Ẹ̀kẹta ló sún mọ́ òótọ́ jù. “Ìbí òkú” ni wọ́n fẹ́ kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí áàpù kà á sí mi létí, ó ka “ibi” náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aburú. Àmì ohùn méjì péré ni kò sí lórí rẹ̀.

Àlàyé tó kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà kúrú jù: “ọmọ tó kú nínú ikùn”. Kò mẹ́nu kan ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ iye ọ̀sẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé níbi iṣẹ́ wa. Ní ilẹ̀ England, láti ìgbà tí òfin ọdún 1992 ti fà á wálẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ 28, ọmọ tí a bí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, tí kò mí rárá, tí kò sì fi àmì ìyè kankan hàn, ni a ń pè bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ forúkọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba láàárín ọjọ́ 42, àwọn òbí lè sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé náà, ìyá sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọmọ bíbí. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23, kò sí ìwé yẹn. Amẹ́ríkà ń kà á láti ọ̀sẹ̀ 20, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ń lo 28 nígbà tó bá ń fi orílẹ̀-èdè kan wé òmíràn. Yàtọ̀ sí èyí, nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 ọmọ tó ń lọ báyìí lọ́dọọdún ní àgbáyé, ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ pé orí ìrọbí ni wọ́n kú sí. Ìyá tó bá ń béèrè pé “ṣé ó ti kú kí n tó dé ibí ni, àbí ibí ló kú sí?” ń béèrè ohun tí àlàyé yẹn kò lè gbé.

Àdúrà tí à ń gbà fún aláboyún, pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, ló là mí lọ́yẹ ju áàpù lọ. Mo pa fóònù, mo wọlé. Nígbà tí dókítà sọ̀rọ̀ tán, mo ní: “Ọmọ yín ti kú sí yín nínú. Ẹ ó rọbí, ẹ ó sì bí i, ṣùgbọ́n kò ní ké.” Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dáhùn, wọ́n ní: “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Nọ́ọ̀sì wojú mi pé kí ni màmá sọ. Mo ní wọ́n ń tù ú nínú ni. Gẹ̀ẹ́sì gbólóhùn náà kò tètè wá sí mi lẹ́nu.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù pé kí wọ́n kọ “bíbí òkú ọmọ”, kí wọ́n sì yọ àwọn méjì yòókù kúrò. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù mẹ́ta ti kọjá, “abiku” ṣì ni àkọ́kọ́. Ìràwọ̀ kan jẹ́ ti àìlo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èkejì jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti dá owó oṣù tó ń bọ̀ dúró.